Joseph Weizenbaum: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìtàkúrọ̀sọ, tó tún padà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀

Ọmọ iléèwé tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lónìí lè tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láàárín òru, kí ẹ̀rọ náà sì máa dá a lóhùn bíi tíṣà tó jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìgbà tí ChatGPT jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2022 ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dún 1966, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi tó yàrá, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ńlá, ìjọba àti yunifásítì nìkan ni agbára wọn ká a, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Weizenbaum ti gbé èyí tó ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ nílé lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ náà ń gbà wọlé, òun náà ló sì fi ń fèsì.

Ohun tó mú kí ìtàn ọkùnrin yìí yàtọ̀ ni pé kò jókòó máa gbádùn òkìkí tí iṣẹ́ náà fún un. Ohun tó rí nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ dẹ́rù bà á, débi pé ó lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún láti máa kìlọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọmọ Júù ní Berlin

Ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n bí Weizenbaum sí lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1923. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Jechiel lorúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ awọ onírun ló ń ṣe, ìyẹn àwọn aṣọ òtútù olówó ńlá tí wọ́n máa ń fi awọ ẹranko rán. Henriette lorúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ni tọkọtaya náà bí, Joseph sì ni àbúrò.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí Hitler gorí àlééfà lọ́dún 1933. Kò pẹ́ rárá tí òfin fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóríṣiríṣi pé kí wọ́n máa ya àwọn ọmọ Júù sọ́tọ̀ níléèwé. Bí Joseph ṣe kúrò ní iléèwé tó ń lọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, tó sì bọ́ sí ti àwọn ọmọkùnrin Júù nìkan. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i sí ló lé e kúrò ní kíláàsì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn ọmọ, ẹ máa rí i níwájú.

Oṣù kìíní ọdún 1936 ni ìdílé náà palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Amẹ́ríkà. Wọ́n tètè lọ ni. Ọ̀pọ̀ Júù tó dúró wò ó bóyá nǹkan yóò rọ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde mọ́ nígbà tó yá.

Ìlú Detroit, níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà ń sọ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Ìṣirò ló gbà á là. Nọ́ńbà kì í bi èèyàn pé ibo lo ti wá. Ibẹ̀ ló dì mú, òun náà ló sì lọ kọ́ ní Yunifásítì Wayne ní Detroit lọ́dún 1941.

Ogun Àgbáyé Kejì já ẹ̀kọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1942, ó wọ ẹ̀ka ológun òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìbá wù ú kó wà lára àwọn tó ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí ọ̀tá fi pamọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á síbẹ̀ torí pé Jámánì ni wọ́n ti bí i. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: Jámánì lé e torí pé Júù ni, Amẹ́ríkà ń fura sí i torí pé ọmọ Jámánì ni. Iṣẹ́ wíwo ojú ọjọ́ ni wọ́n fún un ṣe. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Wayne, ó gba oyè àkọ́kọ́ lọ́dún 1948, ó tún gba ìkejì lọ́dún 1950. Ibẹ̀ náà ló ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kan kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ara wọn, nígbà tí ẹni tó mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ láyé.

Láàárín ọdún 1955 sí 1963, iléeṣẹ́ General Electric ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tó ṣe ERMA, ètò kọ̀ǹpútà tí Bank of America fi ń ṣètò sọ̀wédowó láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ báńkì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá ti wo ìsàlẹ̀ sọ̀wédowó rí, àwọn nọ́ńbà dúdú onígun-onígun tó tò síbẹ̀, inú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀. Íǹkì wọn ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú kí ẹ̀rọ lè kà wọ́n.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ṣe lọ́dún 1962 tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ mọ́ ìtàn rẹ̀. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Datamation nípa bí èèyàn ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó gbọ́n. Eré orí pátákó kan ló fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹni tó bá kọ́kọ́ to àmì márùn-ún sórí ìlà kan ṣoṣo yóò borí. Ẹ kíyè sí i: kò sọ pé òun mú kọ̀ǹpútà gbọ́n. Ó ní òun mú kó dà bíi pé ó gbọ́n ni. Ìyàtọ̀ yẹn ló padà di ìjà gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

ELIZA dé

Ọdún 1963 ló dé MIT, yunifásítì tó lókìkí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ nílùú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àkókò tó dé ibẹ̀ dára fún un. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà yóò lu ihò sórí káàdì, yóò kó káàdì náà fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, yóò lọ sílé, yóò tún padà wá gba èsì, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ta ló lè fi ìyẹn tàkúrọ̀sọ? Ọdún yẹn gan-an ni owó iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà wọlé sí MIT fún iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Project MAC. Èrò wọn ni pé kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo kọ̀ǹpútà ńlá kan pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú jókòó sídìí ẹ̀rọ tó jọ tàpùráítà. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò tẹ èsì tirẹ̀ sórí bébà kan náà. Lójú ẹsẹ̀ ni.

Weizenbaum rí i pé nǹkan ti yí padà. Tó bá jẹ́ pé èèyàn lè kọ̀wé kí ẹ̀rọ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n lè jọ máa bá ọ̀rọ̀ bọ̀. Láàárín ọdún 1964 sí 1966, ó kọ prógíráàmù kan tó sọ ní ELIZA. Inú eré orí ìtàgé tí George Bernard Shaw kọ, Pygmalion, ló ti mú orúkọ náà. Eliza inú eré yẹn jẹ́ ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó lójú pópó, tí ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè kan wá kọ́ bí àwọn olówó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, títí àwọn èèyàn fi ń rò pé ọmọ ilé ńlá ni. Wọ́n kọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ń tan àwọn tó ń gbọ́ ọ. Weizenbaum mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó sọ ẹ̀rọ ní orúkọ yẹn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Apá méjì ló ní. Apá kan ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, ó sì ń gé e sí wẹ́wẹ́. Apá kejì dà bí ìwé òfin, òun ló ń sọ irú èsì tó yẹ. Tí èèyàn bá pààrọ̀ ìwé òfin yìí, ELIZA di ẹlòmíràn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni DOCTOR, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe bíi dókítà tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aláìsàn.

Ká ní obìnrin kan jókòó sídìí rẹ̀, tó kọ ọ́ pé ọkọ òun máa ń bínú sí òun. ELIZA yóò yẹ gbólóhùn náà wò bóyá ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun mọ̀. Tó bá rí ju ẹyọ kan lọ, èyí tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ṣe pàtàkì jù ni yóò mú. Yóò gé gbólóhùn náà níbi ọ̀rọ̀ yẹn, yóò yí mi padà sí rẹ, yóò sì kì í bọ inú ìbéèrè kan tó ti wà nílẹ̀, kó lè bi obìnrin náà pé ìgbà wo gan-an ni ọkọ rẹ̀ máa ń bínú sí i. Tí kò bá rí ọ̀rọ̀ kankan tó mọ̀, yóò ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, tàbí kó padà fa nǹkan kan yọ tí obìnrin náà ti sọ ṣáájú, bí ìgbà tí èèyàn ń fọkàn bá a lọ. Ó tán. Kò mọ ohun tí ọkọ jẹ́, kò mọ ohun tí ìbínú jẹ́.

Ká sọ pé èdè Yorùbá ni Weizenbaum lò ni, yíyí mi sí rẹ nìkan kò bá má tó. Ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí ọmọdé, kó tó mọ̀ bóyá ìyá rẹ ni yóò wí tàbí ìyá yín. Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ nínú wàhálà yẹn.

Ọgbọ́n tó wà nínú dókítà tó yàn náà kò kéré. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ lè ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kó sì má ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Tí aláìsàn bá ní òun lọ sọ́jà lánàá, tí dókítà bá ní kó sọ̀rọ̀ nípa ọjà fún òun, aláìsàn kò ní rò pé dókítà kò mọ ọjà. Yóò rò pé ó ní ìdí pàtàkì tó fi béèrè ni. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń fi ìtumọ̀ síbi tí kò sí. Tíṣà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ tó bi tíṣà pé kí ni olú ìlú Brazil, tí tíṣà wá ní kó sọ ìdí tó fi ń béèrè, á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe tíṣà.

Ohun tó dẹ́rù bà á

Weizenbaum kò fi iṣẹ́ náà pamọ́. Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde lóṣù kìíní ọdún 1966, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kínníkínní. Èrò rẹ̀ ni pé ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti rí inú ẹ̀rọ náà, ìyanu rẹ̀ yóò pòórá, wọ́n á rí i pé bátánì lásán ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Sẹ́kítírì rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù tó fi ń kọ ọ́. Ó mọ̀ dájú pé prógíráàmù ni. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà jókòó láti bá ELIZA sọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ rárá tó fi yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jáde fún àwọn. Ó fẹ́ dá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn, Weizenbaum dábàá pé òun fẹ́ máa tọ́jú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn bá kọ sí ELIZA láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn èèyàn fárígá, wọ́n ní ó fẹ́ máa yọjú wo inú ọkàn àwọn. Ẹ̀yin ẹ ronú sí i: wọn kò rí ohun tó burú nínú pé kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹ̀rọ, ọ̀gá tó ṣe ẹ̀rọ ni wọn kò fẹ́ kó gbọ́.

Àwọn dókítà náà dá sí i. Kenneth Colby, oníṣègùn ọpọlọ tó wà ní Yunifásítì Stanford, kọ̀wé pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1966 yẹn kan náà nípa irú prógíráàmù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa, kọ̀ǹpútà kan lè tọ́jú ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn láàárín wákàtí kan. Fún ìlú tí dókítà kò tó, ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Etí Weizenbaum ló korò sí. Ó ń bi ara rẹ̀ pé irú dókítà wo ló máa gbà pé iṣẹ́ òun kò ju kí ẹ̀rọ máa dá ọ̀rọ̀ aláìsàn padà fún un.

Ẹ̀kẹta tún wà. Àwọn onímọ̀ kan ń sọ káàkiri pé ELIZA fi hàn pé kọ̀ǹpútà ti ń gbọ́ èdè ọmọ èèyàn. Ó ti kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ ara rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di tíṣà

Ibi tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìyí. Ní MIT níbẹ̀, Edwin Taylor, onímọ̀ físíìsì tó wà ní ibùdó ìwádìí ẹ̀kọ́ yunifásítì náà, mú ELIZA, wọ́n sì kọ ìwé òfin tuntun fún un kó lè máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbìyànjú gidi ni. Àwọn ẹ̀rọ ìkọ́ni tó wà nígbà náà, bíi PLATO tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960 ní Yunifásítì Illinois, ìdáhùn kúkúrú tó ti ní ààyè tirẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń retí. ELIZA fẹ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e.

Ìṣòro ibẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó kọ ìwé òfin ní láti ro gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ wí kó tó wí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìbéèrè, àmọ́ tó lo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn, ẹ̀rọ yóò kọjá lára rẹ̀ bíi pé kò sọ nǹkan kan. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó ṣèèṣì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń wá. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á ní kó kọjá sí orí tó kàn. Ọmọ náà yóò lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé kò yé e. Nígbà tí Taylor kọ̀wé lórí irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1968, àkọlé rẹ̀ gan-an ti mẹ́nu kan àìtẹ́lọ́rùn.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà mìíràn. Jaime Carbonell, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Bolt Beranek and Newman ní Cambridge kan náà, gbé SCHOLAR jáde lọ́dún 1970. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni SCHOLAR ń kọ́ni. Kàkà kó kàn máa wá ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn, Carbonell to ìmọ̀ sínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ta okùn mọ́ra: pé Argentina jẹ́ orílẹ̀-èdè, pé Buenos Aires ni olú ìlú rẹ̀, pé olú ìlú jẹ́ ìlú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọmọ bá dáhùn, ẹ̀rọ náà ní nǹkan tó lè fi wéra. Ọmọ náà tún lè yí i padà, kó bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tirẹ̀, kí ẹ̀rọ sì wá èsì nínú okùn yẹn. Carbonell kú lọ́dún 1973, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bá a kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ni bíi tíṣà sí.

Kò sí bí èèyàn ṣe máa fi ELIZA àti SCHOLAR wéra tí kò ní rí i pé SCHOLAR ló sún mọ́ tíṣà jù. Síbẹ̀ ELIZA ni gbogbo ayé mọ̀, torí pé ẹnu rẹ̀ dùn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń lo orúkọ rẹ̀ títí dòní fún àṣà kan tó wà lára ọmọ èèyàn, pé tí nǹkan bá ti lè sọ̀rọ̀ dáadáa, a máa ń gbà pé ó ní òye.

Ìwé tó dá ìjà sílẹ̀

Lọ́dún 1970 ni Weizenbaum di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT. Àsìkò náà gbóná. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí àwọn ológun fi ń ṣètò rẹ̀, owó ológun sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ MIT fi ń dúró. Weizenbaum wà lára àwọn olùkọ́ tó ta ko ogun náà. Ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní Berlin ti di àgbà. Ó mọ̀ látinú ìtàn ara rẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì kan gbájú mọ́ iṣẹ́ wọn nìkan nígbà tí ìlú ń bàjẹ́, kò sì fẹ́ ṣe bíi tiwọn.

Ọdún 1976 ló gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde, Computer Power and Human Reason. Àárín ìwé náà ni ìyàtọ̀ tó fi sáàárín nǹkan méjì. Ìpinnu tó jẹ́ pé ìṣirò ló gbé e jáde, kọ̀ǹpútà lè ṣe é, ó tilẹ̀ lè ṣe é dáadáa ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n yíyàn tó gba kéèyàn mọ ohun tó ṣe iyebíye, kó ní àánú, kó mọ ohun tí ìyà jẹ́, ti ọmọ èèyàn nìkan ni. Kò jiyàn pé ẹ̀rọ kò ní lè ṣe iṣẹ́ adájọ́ tàbí ti dókítà ọpọlọ láé. Ohun tó wí le jùyẹn lọ: bó bá tilẹ̀ lè ṣe é, kò yẹ ká gbé e fún un.

Inú bí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. John McCarthy ti Stanford, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ yìí sílẹ̀, kọ̀wé gígùn láti ta kò ó. Àkọlé tó fún un sọ pé ìwé náà kò bọ́gbọ́n mu. Lójú McCarthy, Weizenbaum ń wàásù ju bó ṣe ń jiyàn lọ, ó sì fẹ́ máa pàṣẹ ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe ìwádìí lé lórí.

McCarthy kò ṣàìrí nǹkan kan sọ. Àwọn ibì kan wà tí Weizenbaum ti ṣì í. Nípa kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ohùn èèyàn, ó rò pé owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù, àti pé ìjọba ló máa rí i lò jù láti fi máa tẹ́tí sí tẹlifóònù aráàlú. Lónìí ó wà nínú fóònù lásán, àwọn afọ́jú sì ń fi í kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìbẹ̀rù nípa títẹ́tí sí aráàlú jẹ́ àlá lásán, kí onítọ̀hún tún un rò.

Nípa kọ̀ǹpútà níléèwé, kò fi bò rárá. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà wọ àwọn iléèwé Amẹ́ríkà bí ẹni ń kó iṣu. Seymour Papert, tí wọ́n jọ wà ní MIT, gbà pé ẹ̀rọ náà yóò la ojú ọmọdé. Weizenbaum ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ọmọ kò fi mọ̀wé kà. Ṣé kì í ṣe ebi ló gbé wá sí kíláàsì? Ṣé ìwé wà nílé wọn? Ṣé àdúgbò tó ń gbé kò dẹ́rù bà á? Ó gbà pé ìgbà tí wọ́n bá rí ìdáhùn ìwọ̀nyí, wọ́n lè rí i pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló kàn. Àmọ́ ríra ẹ̀rọ rọrùn ju kí wọ́n tún àdúgbò ṣe, ìyẹn ló ń dùn ún.

Bàbá padà sílé

Ó fẹ̀yìn tì ní MIT lọ́dún 1988. Lọ́dún 1996, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí ìdílé rẹ̀ ti sá kúrò, bàbá náà kó padà sí Berlin, kò sì jìnnà sí àdúgbò tó ti ṣe ọmọdé. Èdè Jámánì tó kọ́kọ́ sọ láyé ló fi ń sọ̀rọ̀ káàkiri fún àwọn ọ̀dọ́, lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n, ní yunifásítì. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ. Ó máa ń ṣe àwàdà, ó sì tún le lọ́rọ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2008 ló dágbére fáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Itẹ́ òkú àwọn Júù tó wà ní Weißensee, nílùú Berlin, ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ márùn-ún ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún 2017, ìjọba Jámánì fi owó sí iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Berlin tó ń wo ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà ń ṣe sí àwùjọ, orúkọ Weizenbaum ni wọ́n sì fún un.

ELIZA fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ló wà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kọ wọ́n, wọ́n kàn wo àlàyé inú àpilẹ̀kọ ọdún 1966 ni. Èyí tí Weizenbaum fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2021 ni àwọn olùwádìí tú àwọn páálí ìwé rẹ̀ tó wà ní ibi ìkówèésí MIT, tí wọ́n sì bá a níbẹ̀ lórí bébà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà òde òní tí wọ́n mú kó máa ṣe bíi ti ayé àtijọ́, nígbà tó sì máa fi di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ELIZA ti tún ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlà tó wà nínú prógíráàmù náà kò ju nǹkan bí 420 lọ.